Ìyẹ́ Ọrùn Àkùkọ Ìyá Àgbà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ilé wa ṣe ń jí lọ́dún tí mò ń wí yìí, àfi kó kọ́kọ́ gbọ́ ti àkùkọ Ìyá Àgbà. Kò sí ẹni tó ń jí ṣáájú rẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa ní Èjìgbò, àfi bóyá ládàánì mọ́sáláṣí tó wà lẹ́yìnkùlé, àwọn méjèèjì sì jọ máa ń du ipò mọ́ra wọn lọ́wọ́ ni. Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ mùsùlùmí, máa ń sọ pé ọjọ́ tí àkùkọ yẹn bá ṣe àlùwàlá lòun máa gbà pé ìrun ló ń pè. Lẹ́yìn àkùkọ ni ìgbálẹ̀ ìyá mi, ṣàà, ṣàà, láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi máńgòrò. Lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ìkòkò ẹ̀kọ tó ń hó, àti orin ìsìn òwúrọ̀ Ìyá Àgbà, tí kì í jẹ́ kí ẹsẹ kan parí kó tó bọ́ sórí èkejì. Mo ti gbé inú ilé tó dákẹ́ láti ìgbà yẹn, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Ilé tí mi ò bá ti gbọ́ ariwo òwúrọ̀, bí ilé àlejò ló máa ń rí lójú mi.

Àkùkọ náà pọ́n, ó sì mọ̀ pé òun pọ́n. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ gùn, ó ń dán bí epo pupa tuntun nínú ìgò tí oòrùn ràn sí. Kò sí ẹni tó ń fọwọ́ kàn án. Ìyá Àgbà ti jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní òròmọdìẹ, pé bí Ọlọ́run bá fi lè mú àkọ́bí òun, Àbẹ̀kẹ́, dé láti Àbíjàn láàyè, òun á gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìkórè, lódidi, láìní àbùkù kankan. Gbogbo wa la mọ̀ nípa ẹ̀jẹ́ yìí. Tí a bá fi òkúta lé àkùkọ náà nídìí ògì, ohùn tá a máa gbọ́ láti inú yàrá ni, "Ẹran Olúwa lẹ̀ ń lé yẹn o!"

Àbẹ̀kẹ́ náà sì dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni. Tàǹtí ni wọ́n ń pe àǹtí lọ́hùn-ún, bẹ́ẹ̀ làwa ọmọdé náà ṣe gbà á sẹ́nu. Ẹ mọ bí Èjìgbò ṣe máa ń rí tí Kérésìmesì bá ti ń kanlẹ̀kùn, tí bọ́ọ̀sì Àbíjàn ń já èrò sílẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹlòmíì á sọ firíìsà kalẹ̀, ẹlòmíì á sọ ìdì aṣọ kalẹ̀ tí géńdé méjì ò lè gbé, wọ́n á sì máa fi Faransé bá ọmọ wọn wí kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́. Báàgì kan ni Tàǹtí sọ kalẹ̀ ní tirẹ̀, pẹ̀lú àpótí páànù kékeré kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé. Kò mú ọkọ bọ̀, kò mú ọmọ bọ̀. Àwọn aládùúgbò wá kí wa, wọ́n jókòó, wọ́n jẹ, wọ́n mu. Ìyá Ṣọlá aránṣọ, tí ẹnu rẹ̀ kì í gba nǹkan dúró, wá bi Ìyá Àgbà tààrà. "Ìyá, a mà kí yín kú oríire o. Kí wá ni ọmọ yín mú bọ̀ fún yín?"

"Ara líle ló mú bọ̀," Ìyá Àgbà dáhùn. "Ẹ bá mi dúpẹ́." Ó sì yí ọ̀rọ̀ sí iye tí wọ́n ń ta ẹ̀wà lọ́jà. Ọmọdé ni mí, àmọ́ mo rí i tó ń fi ìka yí etí ìró rẹ̀. Mo mọ̀ pé ojú ń tì í, inú bí mi sí Ìyá Ṣọlá, mi ò sì kí i dáadáa fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ìgbà tí àwọn àlejò lọ tán ni Tàǹtí ṣí àpótí náà. Òórùn káńfọ̀ ló kọ́kọ́ jáde. Fáìsì kékeré kan wà níbẹ̀, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì fi ń di irin mú, ṣùgbọ́n tíyẹn ò ju ọwọ́ ọmọdé lọ. Sísọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, ìda oyin, ìwọ̀ ìpẹja wẹ́wẹ́ nínú ìgò, ẹ̀mú kékeré kan, àti ìdì ìyẹ́ oríṣiríṣi nínú ọ̀rá. Ìyá Àgbà wò ó títí.

"Ìyẹ́ adìẹ? Àbẹ̀kẹ́, ìyẹ́ adìẹ lo gbé kọjá gbogbo bọ́dà wọ̀nyẹn, wá sílé tí adìẹ ò jẹ́ ká ríbi gbẹ́sẹ̀ lé?"

Tàǹtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá ṣàlàyé fún gbogbo wa pé iṣẹ́ òun nìyẹn. Òyìnbó Faransé kan wà ní Àbíjàn tó ń jẹ́ kí àwọn obìnrin máa bá òun fi òwú di ìyẹ́ mọ́ ìwọ̀, kó lè jọ kòkòrò. Mùsíyọ̀ ló ń pè é. Òkè òkun ló ń kó wọn lọ, fún àwọn tó ń pẹja láti fi gbádùn ara wọn. Ó ní àwọn míì nínú wọn tilẹ̀ máa ń dá ẹja náà padà sómi tí wọ́n bá mú un tán.

"Ebi ò pa wọ́n," ni Ìyá Àgbà sọ.

Ọ̀rọ̀ tó wà nídìí ẹ̀ ni pé Tàǹtí ti sọ fún Mùsíyọ̀ pé ìyá òun ti ń dàgbà, òun ń lọ sílé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mùsíyọ̀ gbà pé kó máa ṣe iṣẹ́ náà nílé, kó máa fi rán dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì. Àmọ́ ó fi ohun kan sí i. Ìwọ̀ aláwọ̀ pupa tó ń dán ni àwọn oníbàárà rẹ̀ ń béèrè jù, ìyẹ́ rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Tàǹtí, tó ń yán hànhàn fún ilé, ti fọ́nnu pé àkùkọ aláwọ̀ bẹ́ẹ̀ kún ilé bàbá òun. Mùsíyọ̀ ní ó dáa, tó bá fi máa di bọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ Ìkórè kóun rí ìwọ̀ pupa nínú ẹrù rẹ̀. Tí kò bá sí, kó yáa padà wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù bíi tàwọn yòókù. Ìdí oúnjẹ alẹ́ ni Tàǹtí ti sọ èyí. Ojú gbogbo wa sì lọ sórí igi máńgòrò tí àkùkọ Ìyá Àgbà ń sùn sí.

Báyìí ni ọdún náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án, tí mo bá ti fọ abọ́ tán, tí mo sì ti ṣa ẹ̀wà, màá lọ jókòó ti Tàǹtí lábẹ́ máńgòrò. Ó máa ń fi gbágùúdá wa ṣe àtìẹ́kẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Àbíjàn, ó rọ̀, ó ń ta sánsán. Ìyá Àgbà á jẹ ẹ́ tán, á tún ní gààrí tí wọn ò jẹ́ kó jinná ni. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, lẹ́nu jíjẹ àti ẹ̀fẹ̀. Tàǹtí á fi fáìsì di ìwọ̀ mú, á fi ìda ra òwú kó lè máa lẹ̀, á wá fi òwú náà wé ọ̀pá ìwọ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn. Òwú àràbà ló fi ń ṣe ara kòkòrò, torí kì í tètè mu omi. Lẹ́yìn náà ni ìyẹ́ ọrùn àkùkọ, ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ wà. Á fa ìhùùhù ìdí ìyẹ́ náà dànù, á di ìdí rẹ̀ mọ́ ìwọ̀, á fi ẹ̀mú mú ṣóńṣó rẹ̀, á sì máa yí i po ìwọ̀, ìyípo kan níwájú èkejì, kí irun ìyẹ́ náà lè dìde dúró yíká bí ẹsẹ̀ kòkòrò. Ẹni tó bá kánjú, òwú rẹ̀ á tẹ irun náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fà á jù, ọ̀pá ìyẹ́ á já. "Dúsímáà," ló máa ń sọ fún mi lédè Faransé, pé kí n rọra. Tí Ìyá Àgbà bá wà nítòsí, á fi Yorùbá parí rẹ̀. "Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kò dìgbà tó o bá sọ Faransé."

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń mọ ìyẹ́ tó dára. Á tẹ ìyẹ́ náà díẹ̀ kí irun rẹ̀ lè ṣí, á gbé e sẹ́nu ìwọ̀ wò bóyá ó gùn jù. Lẹ́yìn náà, á fi kan orí ètè mi. Ti abo adìẹ máa ń rọ̀, kò ṣe é gbára lé lórí omi. Ti àkùkọ tó ti gbó máa ń gún ni díẹ̀díẹ̀. Mo bi í lọ́jọ́ kan bóyá lóòótọ́ ni ẹja ń jẹ ìyẹ́. "Ẹja ò jẹ ìyẹ́," ó ní. "Ohun tí ìyẹ́ jọ ló ń jẹ." Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, tí èsúnsún ń jáde nínú ilẹ̀, ó mú mi lọ sódò lọ́nà oko wa. Àwọn èsúnsún náà ń já sójú omi, wọ́n dúró lórí rẹ̀ tẹsẹ̀tẹsẹ̀, ẹja sì ń yọ ẹnu láti ìsàlẹ̀, ó ń gbà wọ́n mì. Láti ọjọ́ náà ló ti yé mi pé ohun tí mò ń fi ọwọ́ ara mi ṣe lábẹ́ máńgòrò kì í ṣe eré. Orí mi wú.

Ìyá mi, tó jẹ́ ìyàwó ilé, fẹ́ràn Tàǹtí púpọ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ ọ́, torí obìnrin kì í pe ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Ó ń wo bó ṣe ń rẹ́rìn-ín láàárín ọ̀sán tí kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tó bá dalẹ́, á sì máa sọ fún bàbá mi pé, "Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀." Nígbà tó di ọjọ́ Àjíǹde tí a pa àkùkọ méjì, ìyá mi ní òun máa ràn án lọ́wọ́. Ó ṣe ohun tí gbogbo ìyàwó ilé ń ṣe ní ilẹ̀ yìí. Ó gbé omi kaná, ó hó yàà, ó ki àkùkọ méjèèjì bọ̀ ọ́, ó tu ìyẹ́ ọrùn wọn nírọ̀rùn, ó sá a, ó sì fi abọ́ gbé e wá pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, ẹ wò ó, mo ti bá yín tu gbogbo ẹ̀!"

Tàǹtí kúnlẹ̀ dúpẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun lẹ̀gbọ́n. Kò fẹ́ sọ nǹkan kan. Èmi ni mo fi ìyẹ́ kan kan ètè mi tí mo pariwo pé kò gún. Ìyá Àgbà wá bi wá kí ló dé. Ni Tàǹtí bá di ọ̀kan nínú ìyẹ́ omi gbígbóná náà mọ́ ìwọ̀, ó di ọ̀kan tó mú bọ̀ láti Àbíjàn mọ́ òmíràn, ó bu omi sínú abọ́ funfun, ó sì gbé méjèèjì lé e. Ti Àbíjàn dúró lórí omi lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Tìyá mi dùbúlẹ̀, ó mu omi, ó sì rì. "Omi gbígbóná máa ń pa á," ni Tàǹtí sọ, jẹ́jẹ́. "Gbígbẹ la fi ń tu ú." Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo inú abọ́ yẹn pẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, ó tilẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i láti ẹnu rẹ̀ láti wò ó bóyá yóò ṣubú. Kò ṣubú.

Òjò rọ̀, àgbàdo yọ, iṣu tuntun dé. Ìwọ̀ dúdú, ti funfun, ti aláwọ̀ ẹtù kún inú àpótí Tàǹtí, ṣùgbọ́n pupa ò sí níbẹ̀. Bàbá mi lọ títí dé ìlú Ọ̀là àti Másífà láti wá àkùkọ pupa. Ó ra ọ̀kan tó rẹwà lójú, àmọ́ ọmọdé àkùkọ ni, ìyẹ́ rẹ̀ kúrú, ó rọ̀. Ìkórè ń bọ̀. Tàǹtí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ àwọn aṣọ rẹ̀, ó ń ká wọn sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tí kò fẹ́ ká mọ̀. Mo mọ̀. Mo máa ń bú sẹ́kún nídìí kànga, màá fi omi bọjú kí n tó wọlé.

Lọ́jọ́ kan tí ọ̀sẹ̀ Ìkórè ku díẹ̀, ìyá mi fa Tàǹtí lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Èmi ń lọ ata nítòsí. "Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́," ìyá mi ní, "ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Àkùkọ Ìyá ló wà níta yẹn. Ẹ tu ìwọ̀nba lábẹ́ ọrùn rẹ̀. Ta ló máa ka ìyẹ́ ọrùn adìẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Ọlọ́run lè máà kà á," Tàǹtí dáhùn. "Ìyá mi á kà á. Nítorí tèmi ló ṣe jẹ́jẹ̀ẹ́ yẹn, ìyàwó mi. Ẹ̀jẹ́ tó mú mi délé, èmi kọ́ ni màá bà á jẹ́. Tí mo bá máa lọ, màá lọ."

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn ògiri. Ìyá Àgbà ni, ó ń bu ìyàngbo fún adìẹ. Kò wo ọ̀dọ̀ wa rárá, ó kọjá.

Ọjọ́ Ìkórè, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ ló gbé àkùkọ náà lọ. Ó fi òwú pupa so ẹsẹ̀ rẹ̀, ó jó dé iwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ ń ṣe àmín. Tàǹtí jó tẹ̀ lé e. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, mi ò sì mọ ẹni tó tún lè jó lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ìsìn parí, wọ́n kó ohun ìkórè síta láti ta á ní gbàǹjo bí àṣà. Wọ́n ta iṣu, wọ́n ta ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wá kan àkùkọ. Àwọn ọkùnrin ń pe iye, ó ń gòkè. Ohùn kan sọ láti ẹ̀yìn pé òun fi lé e. Gbogbo wa yíjú padà. Ìyá Àgbà ló nawọ́ sókè.

Ẹ̀rín sọ. Ẹni tó ń ta gbàǹjo fọwọ́ gbá orí. "Ìyá, ẹ̀yin náà lẹ mà gbé e wá!"

"Mo gbé e wá," Ìyá Àgbà ní. "Mo ti fún Ọlọ́run, Ó ti gbà á, gbogbo yín lẹ rí i. Ẹ̀jẹ́ mi ti pé. Ṣé wọ́n wá kọ ọ́ síbì kan pé mi ò gbọdọ̀ rà lọ́wọ́ Rẹ̀ ni?" Owó ẹ̀pà tó tà, tó ti ń tọ́jú fún aṣọ Kérésìmesì, ló tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìró rẹ̀. Bàbá mi fẹ́ san án, ó lé ọwọ́ rẹ̀ dànù.

Nígbà tá a délé, ìyá mi, tó ti ṣáájú wa kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ìyàwó Bàbá Kékeré ti dáná, wọ́n ti gbé ìkòkò omi ńlá kà á, torí a ti mọ ohun tí wọ́n ń fi àkùkọ gbàǹjo ṣe. Ìyá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà tòun tàkùkọ lábẹ́ apá. "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé omi kaná?"

"Ìyá, a rò pé ẹ máa pa á ni."

"Ẹ bù ú, kẹ́ ẹ fi wẹ ọmọ. Gbígbẹ la fi ń tu ú." Ó jókòó sórí àpótí, ó tẹ́ àkùkọ lé itan, ó fọwọ́ bò ó lójú, ó sì ń fi ohùn kẹ́lẹ́ kọrin fún un bí ẹni ń rẹ ọmọ. "Àbẹ̀kẹ́, gbé àtẹ ẹ wá. Tu ohun tó bá tó ọ. Ìyẹ́ á tún hù." Tàǹtí kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan àkùkọ náà. Ìyá Àgbà wá sọ ọ́ jáde. "Mo gbọ́ ohun tó o sọ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ọmọ tó bọ̀wọ̀ fún ẹ̀jẹ́ mi tó báyẹn, adìẹ kọ́ ló máa lé e kúrò nílé bàbá ẹ̀." Tàǹtí sunkún, ó ń sunkún ló ń tu ìyẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, gbígbẹ, ó ń tò wọ́n sórí àtẹ lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Èmi ni mo ń fi wọ́n kan ètè mi. Gbogbo wọn ló ń gún.

Gbogbo ọjọ́ tó kù kí bọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ náà tó gbéra la fi ṣiṣẹ́. Mo ń fi ìda ra òwú, ìyá mi ń yan ìyẹ́ gígùn sí ọ̀tọ̀, bàbá mi náà ń bá wa gé òwú, ó ń gé e gùn jù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Tàǹtí dìde níwájú fáìsì, ó ní kí n jókòó. Mo yí ìyẹ́ pupa náà po, dúsímáà, dúsímáà, mi ò tẹ irun kankan mọ́lẹ̀. Ó gbé e sínú abọ́ omi, ó dúró. Kò yìn mí. Ó kàn gbé e sáàárín tirẹ̀, ó pa ọ̀rá dé, dẹ́rẹ́bà sì gbé e lọ sí Àbíjàn. Mo ti ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan láyé láti ìgbà náà, àwọn míì sì ti yìn mí fún un. Síbẹ̀, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi tó ìwọ̀ kan ṣoṣo yẹn, tí mi ò mọ ẹja tó gbé e mì.

Dẹ́rẹ́bà bọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ tuntun láti ọ̀dọ̀ Mùsíyọ̀, Tàǹtí sì tú báàgì rẹ̀ palẹ̀ pátápátá. Àkùkọ náà ń kọ pẹ̀lú ọrùn pípá títí ìyẹ́ rẹ̀ fi hù padà, ìgbéraga rẹ̀ ò dín. Nígbà tí Kérésìmesì dé, tí bọ́ọ̀sì tún ń já èrò sílẹ̀, àwọn àlejò tún kún iyàrá wa, Ìyá Ṣọlá sì wà láàárín wọn, ó ń ka ohun tí ọmọ ẹni báyìí-báyìí kó bọ̀. Ìyá Àgbà jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó wá pè mí pé kí n bu omi sínú abọ́ funfun wá. Ó tú ṣẹ́tí ìró rẹ̀, ó yọ ìwọ̀ pupa kan níbẹ̀ tí mi ò mọ̀ pé ó ti gbà lọ́wọ́ Tàǹtí, ó sì fi ìka méjì gbé e lé orí omi. Ó dúró, ó ń dán, irun rẹ̀ ò tilẹ̀ tutù.

"Ìyá Ṣọlá, o bi mí léṣìí," ó ní. "Iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ mi mú bọ̀ láti Àbíjàn nìyẹn. Sún mọ́ ọn, kó o wò ó dáadáa."